Ta Ni Wọn Ò Fẹ́ Kó Dé Etí Adágún?

Oríyìn ni wọ́n máa ń fún gbogbo àwọn tó bá rélùwéè jà ní Lake District, ẹkùn òkè àti adágún tó wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lójú tiwa, oríyìn náà kò yẹ kó kárí.

Ní 1844, àwọn oníṣòwò fẹ́ la ojú irin gba ìlú Kendal dé Windermere, ìlú kan nítòsí adágún níbẹ̀. William Wordsworth, akéwì ọba, ẹni ọdún 74, fárígá. Ó kọ ewì, ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Morning Post. Ó ní adùn òkè àti omi kì í yé èèyàn lójijì, àfi ẹni tó bá fara balẹ̀ kọ́ ọ. Kí àwọn lébìrà yáa kó ìyàwó àtọmọ wọn lọ ṣeré nínú pápá tó wà nítòsí ilé wọn. Bí rélùwéè bá kó wọn dé, ìjàkadì, eré ẹṣin àti ilé ọtí ló máa tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin yìí kan náà ló ti kọ̀wé júwe ẹkùn náà fún àlejò, tó ní ẹnikẹ́ni tó bá lójú tó fi lè rí i, tó lọ́kàn tó fi lè gbádùn rẹ̀, ló nípìn-ín níbẹ̀. Àfi tálákà ìlú iléeṣẹ́ bíi Manchester!

Ojú irin náà dé Windermere ní 1847. Nígbà tí wọ́n ní kó tẹ̀ síwájú dé Ambleside, òǹkọ̀wé John Ruskin dá sí i ní 1876: òun kò fẹ́ kí àwọn èrò rélùwéè máa fojú ọtí wo òkè Helvellyn. Ẹ̀gàn pọ́ńbélé nìyẹn, bó ti wù kí èdè rẹ̀ dùn tó.

Ti 1883 yàtọ̀. Àwọn tó ń wa òkúta síléètì ní Honister fẹ́ kí ojú irin gba ẹ̀gbẹ́ adágún Derwentwater dé abúlé Braithwaite. Ẹrù òkúta ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, kì í ṣe èrò. Àlùfáà Hardwicke Rawnsley kó èèyàn jọ, wọ́n pariwo títí àbá òfin náà fi kúrò nílẹ̀. Ìyẹn dáa. Ní 1895, Rawnsley wà lára àwọn mẹ́ta tó dá National Trust sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilẹ̀ tó rẹwà àti ilé àtijọ́.

Títí dòní, Windermere ni ojú irin yẹn parí sí. Ìlú Keswick ní ẹkùn náà, tó ní ojú irin tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, pàdánù rẹ̀ pátápátá ní 1972, wọ́n sì sọ apá kan ibi tó gbà di ọ̀nà mọ́tò A66. Àlejò kò tìtorí ẹ̀ dín kù. Mọ́tò ni wọ́n ń gbé wá, tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ sì ń dí ọ̀nà tóóró àárín òkè. Ní 2017, ìjọba tún fagi lé ètò àtifi iná mànàmáná wa ọkọ̀ ojú irin Windermere. Kí wọ́n dá ètò náà padà. Ẹni tó bá sì tún fẹ́ torí ẹwà ilẹ̀ kọ ojú irin èrò, kó kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹni tí kò ní mọ́tò máa wọ̀ débẹ̀.