Iná Abẹ́ Mọ́tò Kọ́ Ló Ń Pa Bátìrì Yín

Kí mọ́tò tó ní iná aláwọ̀ lábẹ́ ṣáà ti kọ̀, kó má sítáàtì láàárọ̀, ẹjọ́ ti parí. Láti Ìsinkàn dé Road Block ní Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́: "Iná abẹ́ yẹn ló fa bátìrì gbẹ." Ríwáyà á ní kí ẹ tú u dànù, mẹkáníìkì á ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tó fẹ́ ta bátìrì fún yín náà á mi orí. Ẹ tú iná, ẹ ra bátìrì, oṣù mẹ́ta kò pé, mọ́tò tún kọ̀. Owó ti lọ lẹ́ẹ̀mejì lórí àṣìṣe kan ṣoṣo. Ohun tó ń dùn wá nìyẹn, nítorí ìṣirò tó máa tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Neon ni gbogbo èèyàn ń pè é, ṣùgbọ́n neon gidi ti kúrò lábẹ́ mọ́tò tipẹ́. Gíláàsì ni ìyẹn, gáàsì ló wà nínú rẹ̀, ó sì nílò ẹ̀rọ kékeré kan tó máa gbé fólítì 12 ti bátìrì dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì kó tó lè tàn. Òkúta kan tí táyà bá ta sí i, ó ti fọ́. Ọ̀já LED tí wọ́n bo rọ́bà mọ́ ni wọ́n ń tà lónìí, fólítì 12 náà ló sì ń jẹ tààrà.

Sẹ́ẹ̀tì kan sábà máa ń ní ọ̀já mẹ́rin: méjì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120 fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, méjì tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90 fún iwájú àti ẹ̀yìn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 4.2. Irú ọ̀já tí wọ́n ń pè ní 5050, tó ní ojú iná 60 nínú mítà kan, ń jẹ wáàtì 14.4 ní mítà kọ̀ọ̀kan nígbà tí pupa, ewé àti búlúù bá tàn pọ̀ di funfun. Ẹ fi 14.4 sọ 4.2 di púpọ̀, wáàtì 60 ló máa fún yín. Ẹ pín in pẹ̀lú fólítì 12: áńpù 5. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo lẹ tàn, kò tó áńpù 2.

Iná iwájú mọ́tò ńkọ́? Gílóòbù H4 kan jẹ wáàtì 55, méjèèjì jẹ́ 110, ó ju áńpù 9 lọ. Iná iwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìlọ́po méjì iná abẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí ẹ tú iná iwájú yín. Alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí kó lè ṣe iná fún mọ́tò kó sì ṣájì bátìrì, tó wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kéékèèké tí à ń gùn níbí lè mú áńpù 70 sí 100 jáde. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, áńpù 5 yẹn kò tó nǹkan lójú rẹ̀.

Kí ló wá ń pa bátìrì? Ibi tí wọ́n ti fa wáyà ni.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n so àpótí rìmóòtì, ìyẹn àpótí kékeré tó ń gba àṣẹ rìmóòtì iná náà, mọ́ orí bátìrì tààrà. Ó yá, ó rọrùn, wáyà méjì péré ni. Ẹ wá gbàgbé iná náà ní titan láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ di mẹ́fà àárọ̀. Wákàtí 9 nígbà áńpù 5 jẹ́ áńpù-wákàtí (Ah) 45, bátìrì tó jẹ́ 60Ah sì ti ku 15. Èyí tó kù yẹn kò lè yí ẹ́ńjìnnì. Bó bá jẹ́ pupa nìkan lẹ tàn, nǹkan bí 15 ló máa lọ, bátìrì tó ṣì lágbára á sì sítáàtì láàárọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ìdí rèé tí mọ́tò kan fi máa ń jí lónìí tí kì í jí lọ́la, tí àwọn èèyàn á wá máa sọ pé iná náà "ń ṣe bó ṣe wù ú."

Ẹni tí kì í gbàgbé iná rárá náà kò tíì bọ́. Àpótí rìmóòtì tó wà lórí bátìrì kì í sùn, ó ń dúró de àṣẹ tọ̀sán-tòru. Ká ní ó ń jẹ mílíáńpù 20 péré, ìdajì áńpù-wákàtí ni lójúmọ́, ó tó 14 lóṣù kan. Mọ́tò fúnra rẹ̀ náà ń jẹ díẹ̀ fún áláàmù àti kọ̀ǹpútà inú rẹ̀. Bí ìyẹn bá jẹ́ mílíáńpù 50, ó jẹ́ 36 lóṣù. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, àádọ́ta ti lọ nínú ọgọ́ta. Ẹni tó gbé mọ́tò sílé ní Ìjàpọ̀, tó rìnrìn àjò oṣù kan, ó dé bá òkú bátìrì.

Àtúnṣe rẹ̀ ni rílè, súìṣì tí iná kékeré máa ń jí kó lè gbé iná ńlá kọjá, kò sì wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ tú orí nẹ́gétíìfù bátìrì. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìdí rílè, nọ́ńbà wà lára ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ 30 ni wáyà tó ti pọ́sítíìfù bátìrì wá, lẹ́yìn tó bá ti gba inú fíúùsì kọjá. Ẹsẹ̀ 87 ló ń lọ sí àpótí rìmóòtì. Ẹsẹ̀ 85 lọ sí ara irin mọ́tò. Ẹsẹ̀ 86 gba wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ láti súìṣì kékeré kan nínú mọ́tò, súìṣì náà sì ń gba iná láti ojú fíúùsì tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ nìkan ló ń jí i, bíi ti rédíò tàbí ti ojú ihò tí a ń ki ṣájà fóònù sí. Ẹ fi tẹ́sítà dán an wò: kọ́kọ́rọ́ wọlé, ó tàn, kọ́kọ́rọ́ jáde, ó kú. Ẹ má fọwọ́ kan ojú fíúùsì airbag, ABS (ti bíréèkì) tàbí ti kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì. Báyìí, bí ẹ bá yọ kọ́kọ́rọ́, àti iná àti àpótí rìmóòtì ló kú pátápátá. Kò sí ohun tí ẹ lè gbàgbé mọ́.

Ẹ fara balẹ̀ síbí o. Púpọ̀ nínú rílè tí wọ́n ń tà ló ní ẹsẹ̀ márùn-ún, èyí àárín sì jẹ́ 87a. Iṣẹ́ ìdàkejì ni 87a ń ṣe: nígbà tí rílè bá sùn ló ń gbé iná kọjá. Ẹni tó bá fi wáyà iná sí àárín láìwo nọ́ńbà, kọ́kọ́rọ́ wọlé, iná á kú. Kọ́kọ́rọ́ jáde, iná á tàn di mọ́júmọ́. Lójú ọ̀sán, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ọ̀pọ̀ "iná tó ń fa bátìrì" ló jẹ́ pé ẹsẹ̀ àárín yìí ni wọ́n so ó mọ́.

Àwọn mìíràn a máa fa iná láti ara páàkì láǹpù ẹ̀yìn, nítorí pé wáyà yẹn súnmọ́. Ìyẹn léwu ju bátìrì tó kú lọ. Ọjọ́ tí omi bá wọ ọ̀já tó sì ṣọ́ọ̀tì, fíúùsì páàkì láǹpù á jó, ẹ óò máa lọ lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó lóru láìní iná ẹ̀yìn, ẹni tó wà nínú mọ́tò kò sì ní mọ̀.

Fíúùsì ni ọ̀rọ̀ tó kàn. Wọ́n ní iná ló wà fún. Rárá, wáyà ló ń dáàbò bò. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ bátìrì ló yẹ kó wà, kó má jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, torí pé gbogbo wáyà tó bá ṣáájú rẹ̀ wà láìní alábòójútó. Bí wáyà yẹn bá bó tó fara kan irin, bátìrì lè da ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpù sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà; rọ́bà á yọ́, bónẹ́ẹ̀tì á máa rú èéfín. Fún áńpù 5, fíúùsì 7.5 tó, aláwọ̀ búráùn ni. Ẹ jọ̀wọ́, bí ó bá jó, ẹ má fi 30 aláwọ̀ ewé rọ́pò rẹ̀, ẹ má sì wé bébà fàdákà inú páálí sìgá mọ́ ọn. Ó jó nítorí pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹ wá ohun náà.

Wáyà 1.5 mm² tó fún iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n oní-fọ́nrán-púpọ̀ ni kí ẹ rà. Wáyà ilé tó jẹ́ okùn kan gbandan máa ń dá nínú nítorí gbígbọ̀n. Wáyà sípíkà tín-ín-rín sì ń jẹ fólítì lójú ọ̀nà, ẹ lè fojú rí i: tan funfun, kí ẹ wo ọ̀já ẹ̀yìn. Bí funfun ibẹ̀ bá ń di pupa, fólítì tó ń dé ibẹ̀ kò tó. LED búlúù mẹ́ta tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn nílò nǹkan bíi fólítì 9 àti ààbọ̀, ti pupa kò tó 7, ìyẹn ló fi jẹ́ pé búlúù ló máa ń kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì.

Ohun mìíràn tí wọ́n máa ń pè ní ìdààmú iná ni kí pupa máa tàn ṣáá, kí rìmóòtì má lè pa á. Wáyà mẹ́rin ló wà lára ọ̀já: ọ̀kan gbé pọ́sítíìfù, mẹ́ta yòókù, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù, ń gba inú àpótí rìmóòtì lọ sí nẹ́gétíìfù. Bí wáyà ti iná pupa bá fi ara gbo irin títí ó fi bó, ó ti rí nẹ́gétíìfù láìgba ọwọ́ rìmóòtì. Àpótí kò bàjẹ́, ẹ wá ibi tó ti bó. Kó má bàa ṣẹlẹ̀, ẹ ki wáyà sínú páìpù oníke, ẹ so ó ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ jẹ́ kó gba inú rọ́bà ojú ihò wọlé, kí ó sì jìnnà sí sàléńsà tó ìbú ọwọ́ méjì.

Nígbà tí ẹ bá ń lẹ ọ̀já, kí mọ́tò dúró lórí síténdì, kì í ṣe lórí jáàkì nìkan, kí igi sì há táyà. Ẹ̀yìn etí irin tí jáàkì máa ń dúró sí lábẹ́ ilẹ̀kùn ni kí ọ̀já wà, kí ó má rọ̀ jù ú lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òkìtì ojú títì àkọ́kọ́ á já a. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè di erùpẹ̀ pupa Àkúrẹ́ mú. Ẹ fọ ibẹ̀, ẹ fi spirit nù ún, kí ẹ sì fi kílíìpù àti ìdè sí i. Ibi tí ẹ bá ti gé ọ̀já ni omi ń gbà wọlé, ohun yòówù tí wọn ìbáà kọ sí páálí. Ẹ fi sílíkóònù dí i, ṣùgbọ́n èyí tí kì í rùn bíi fínígà, nítorí àsíìdì inú ìyẹn ń jẹ kọ́pà títí á fi di aláwọ̀ ewé. Níbi tí nẹ́gétíìfù ti kan irin, ẹ ha ọ̀dà kúrò títí irin á fi máa dán, ẹ dè é pẹ̀lú bóòtì, kí ẹ fi gíríìsì bò ó lórí.

Ẹ má ṣe lo pupa àti búlúù tó ń ṣẹ́jú lójú títì. Ti ọlọ́pàá àti ọkọ̀ aláìsàn nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni tó tún dá iná abẹ́ lẹ́bi, kó gbé mítà. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, gbogbo iná wà ní titan: orí bátìrì gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi fólítì 13.8 sí 14.5 hàn. Bó bá jẹ́ 12.4, ọ̀dọ̀ alternator tàbí bẹ́líìtì rẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Lẹ́yìn náà, ẹ pa mọ́tò, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ tú orí nẹ́gétíìfù, kí ẹ fi mítà sí àárín orí náà àti wáyà rẹ̀ ní ojú áńpù 10. Ẹ má gbìyànjú láti sítáàtì nígbà tó wà níbẹ̀, fíúùsì mítà á jó. Ẹ dúró ìṣẹ́jú 30 kí kọ̀ǹpútà inú mọ́tò sùn. Kò yẹ kó kọjá áńpù 0.05. Bó bá kọjá, ẹ yọ fíúùsì iná abẹ́: bí nọ́ńbà bá já wálẹ̀, wáyà rẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe, bí kò bá yí padà, ẹ jẹ́ kí iná náà wà níbi tó wà, kí ẹ máa yọ fíúùsì yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ti rédíò, trákà àti áláàmù bẹ̀rẹ̀.