Ẹ̀rọ Tí Ó Fún Màmá Wa Ní Máàkì 12

Máàkì 12 nínú 100 ni ẹ̀rọ káráókè, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń lu ìlù kí ènìyàn lè kọrin sí i, tí mo fi owó ara mi rà, gbé fún ìyá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tí a ń ṣe ọjọ́ ìbí wọn, lójú àwọn ọmọ, lójú àwọn ọmọọmọ, àti lójú àwọn ìyá mẹ́ta láti ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n wá bá wa jẹ àmàlà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Màmá ti ń lé orin fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ní ìlú tí àwọn Bàptíìsì ti ń kọrin láti 1855, bí wọ́n bá sì la ẹnu lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí ń tòògbé lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá a jí. Ẹ̀rọ náà kò mọ ìyẹn. Àwòrán ojú kan tí ń sunkún ni ó gbé síta lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n túbọ̀ gbìyànjú sí i. Inú ti ń bí mi láti ọjọ́ náà, n kò sì ní í díbọ́n pé ó ti rọ̀.

Kí n tó dé orí máàkì, ẹ jẹ́ kí n sọ ti páálí, nítorí ibẹ̀ ni irọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní agbègbè Táákíè ni mo ti ra ẹrù náà ní ₦148,000: sípíkà gogoro kan, gbohùngbohùn méjì tí kò ní wáyà, àti àpótí kékeré tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n kí ó lè máa fa orin àti fíìmù wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọkùnrin tí ó tà á fún mi fi ọwọ́ gbá páálí náà, ó ní, “Alàgbà, eléyìí, tí ẹ bá tàn án ní Táákíè níbí, àwọn ará Sábó á máa jó.” Lẹ́tà pupa gàgàrà ni wọ́n fi kọ 6,000W sí i lára. Lábẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà tí ó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, ni wọ́n kọ PMPO sí, n kò sì bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí ta ni yóò dúró máa bèèrè ìtumọ̀ lẹ́tà mẹ́rin nígbà tí orin ń dún?

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ. PMPO kì í ṣe òṣùwọ̀n tí ìlànà kan pàtó dè; nọ́ńbà tí ó bá wu ẹni tí ó ṣe ọjà ni ó ń kọ síbẹ̀, nígbà tí RMS jẹ́ òṣùwọ̀n agbára tí sípíkà lè máa gbé jáde fún ìgbà pípẹ́ láìjẹ́ pé ohùn rẹ̀ fọ́. RMS kò sí lára páálí tèmi níbì kankan. Ọmọ àbúrò mi tí ó wà ní SS2 ni ó gbé ṣájà sípíkà náà súnmọ́ iná, tí ó ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára: 5V, 2A. Ó ní, “Dádì àgbà, márùn-ún lọ́nà méjì, mẹ́wàá ni. Wáàtì mẹ́wàá ló ń wọ inú ẹ̀. Ibo ni ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ti wá?” N kò rí èsì fún un. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní “I better pass my neighbour” kò lè gbé wáàtì ẹgbẹ̀rún kan dúró. Bí sípíkà yìí bá ń jẹ 6,000 lóòótọ́, jẹnẹrétọ̀ ilé wa ì bá ti dákú kí a tó lé orin kìíní. Ohùn tí ó ń jáde nínú rẹ̀ dà bí ohùn ẹni tí ó ki orí bọ garawa, tí ó wá ń ké pe ará ilé rẹ̀.

Ti àpótí náà kò yàtọ̀. 4K, ìyẹn àwòrán tí ó mọ́ gidigidi, ni wọ́n kọ sí i lẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ta fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í fi àwòrán tí ó mọ́ kedere ránṣẹ́ sí àpótí tí kò bá ní ààbò lọ́wọ́ olè fíìmù tí wọ́n fọwọ́ sí nínú, àwòrán ìlà 480 tí kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń fi mọ fún un. Nítorí náà, ojú òṣèré a máa wá sórí tẹlifíṣọ̀n ńlá mi bí ìgbà tí ènìyàn ń wo òde láti inú àpò ìrẹsì. Bóyá oore ni ó sì ṣe mí, nítorí Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé wákàtí kan àwòrán 4K lè gba dátà tí ó tó 7GB, àwa tí a sì ń ra dátà mọ ohun tí ojú wa ti rí láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC ti gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi ohun tí ó tó ìdajì kún owó wọn. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ ṣe mí lóore, má ta oore náà fún mi ní iye owó 4K.

Ó dára, a ti rà á, a ti so ó, ilé ti kún. Iná kò sì lọ ní ọjọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí n fi ẹ̀sùn kan ẹni tí kò jẹ̀bi. Áàpù káráókè tí ó wà nínú àpótí náà ni ó kọ́kọ́ fi ìpolówó tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù já orin ìyàwó mi sí méjì, lójú àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì. Ìtìjú ni ó mú mi sáré san owó oṣù kan, kí ìpolówó lè lọ. Nígbà tí ó wá lọ, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá orin Yorùbá. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin tí wọ́n ní ó wà níbẹ̀, mẹ́rin péré ni a rí, ọ̀kan sì jẹ́ orin ìyìn tí Màmá mọ̀ dénú egungun.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ orin náà. Kò sí àmì ohùn lórí lẹ́tà kankan, kò sí àmì kankan lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé kì í ṣe láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn baba wa ti ń fi àmì sí i. Fóònù tí mo fi ń kọ ìráhùn yìí mọ̀ ọ́n kọ, ẹ̀rọ tí wọ́n ń gba owó oṣù lé lórí kò mọ̀ ọ́n. Màmá kò nílò àtikà á, ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó wá láti Èkó, tí ó fẹ́ bá ìyá àgbà gbe orin, ojú tẹlifíṣọ̀n ni ó ń wò. “Ese” ni ó wà níbẹ̀. Màmá ń kọ “ẹ ṣé,” ọmọ náà ń kọ “ẹ̀ṣẹ̀,” ìdúpẹ́ sì di ìjẹ́wọ́ láàárín ilé. Kò pẹ́ tí ó fi kan “na owo Re.” Àgbàlagbà ń bẹ Ọlọ́run pé kí Ó na ọwọ́ Rẹ̀, ọmọ kékeré ń pàṣẹ fún Un pé kí Ó ná owó Rẹ̀. Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà náà. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán ni mo tó ronú kàn án pé èmi gan-an ni mo ti ná owó tèmi.

Lẹ́yìn náà ni máàkì jáde. N kò sùn títí mo fi mọ ìdí rẹ̀, ìdí náà sì ni ó dá kún ìbínú mi. Ohùn orin ń gba orí Bluetooth láti inú àpótí lọ sí inú sípíkà, ó sì lè pẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó dún. Ọ̀rọ̀ orin ti yí àwọ̀ padà lójú tẹlifíṣọ̀n kí ìlù tó dé etí olórin. Ẹni tí ó bá mọ orin, etí ni ó fi ń tẹ̀ lé ìlù, kì í fi ojú tẹ̀ lé àwọ̀. Nítorí náà, bí Màmá ṣe ń bọ́ sórí ìlù gẹ́lẹ́ ni áàpù náà ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ wọn sí èyí tí ó pẹ́ dé. Ìmọ̀ orin wọn gan-an ni ó fìyà jẹ wọ́n. Kí n má purọ́, ibì kan wà nínú áàpù náà tí a ti lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó fara pamọ́ sí ẹ̀yìn ojú ewé mẹ́fà, orúkọ tí wọ́n sì fún un kò jọ mọ́ orin rárá.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Áàpù yìí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí ohùn ṣe ń gòkè àti bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ó ń fi wé ìlà kan tí wọ́n ti fà sílẹ̀. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni SingStar, eré káráókè tí Sony gbé jáde ní 2004, náà lò, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ń kùn lásán lè gba máàkì rẹ̀ pé. Ọmọ mi àbíkẹ́yìn, tí kò mọ ọ̀rọ̀ orin náà, gba gbohùngbohùn, ó tẹ ojú mọ́ àwọ̀ tí ń yí padà, ó ń ṣe “hùn-hùn-hùn” bí oyin inú ìgò. Ó gba 64. Màmá tí wọ́n pe gbogbo ọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ, tí wọ́n fi ìgbẹ̀yìn ẹsẹ kejì dárà bí àwọn àgbà ṣe máa ń dárà, gba 12, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ọnà ohùn jẹ́ lójú ẹni tí ó fi ìlà fa orin. Bí a bá gbé ohùn Ògúndáre Fọ́yánmu, ọmọ ìlú wa tí ìjálá rẹ̀ tàn ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, sí iwájú áàpù yìí, ó dá mi lójú pé òdo ni yóò fún un.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe báyìí ni wọ́n bí káráókè sáyé. Daisuke Inoue, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù tí ó máa ń lu ohun èlò fún àwọn oníbàárà tí ń kọrin ní ilé ọtí ní ìlú Kobe, ni oníbàárà kan bẹ̀ pé kí ó bá òun lọ sí ìrìn-àjò. Ọwọ́ rẹ̀ kò dilẹ̀, ó bá gba ìlù sílẹ̀ sórí téèpù fún ọkùnrin náà, ní ọ̀nà tí yóò gbà bá ohùn rẹ̀ mu. Ní 1971 ni ó gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ jáde. Àwọn kan ní Shigeichi Negishi ti ṣe irú rẹ̀ ní 1967. Ìyẹn kì í ṣe ìjà tèmi. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìlù ni ó ń tẹríba fún olórin níbẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ onílù tí ó ṣófo ni orúkọ náà ń jẹ́ ní èdè wọn, nítorí pé kò sí onílù kankan níbẹ̀, ìlù tí a ti gbà sílẹ̀ ni ó ń dúró de olórin. Kò sí ojú tí ń sunkún nínú téèpù Inoue.

Mo gbé ẹrù náà padà lọ sí Táákíè. Ọmọkùnrin náà nawọ́ sí ìwé kan lára ògiri tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Mo bi í léèrè wáàtì 6,000 tí mo rà. Ó wò mí bí ẹni tí ń wo ọmọdé, ó ní, “Alàgbà, PMPO lẹ rà, ẹ ò ra RMS.” Lóòótọ́ ni ó ń sọ, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè lù ú. Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tí ó kọjá, àlẹ́ẹ̀tì wọlé sórí fóònù mi: áàpù náà ti yọ owó oṣù kejì fúnra rẹ̀, ní iye dọ́là tí wọ́n ṣẹ́ sí náírà, láìbèèrè lọ́wọ́ mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ yẹn kan náà, mo bá Màmá lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ń rọra kọ orin náà, ọnà ohùn inú ẹsẹ kejì pé pérépéré. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, wọ́n dákẹ́, wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n sì bi mí pẹ̀lẹ́ pé, “Ṣé nǹkan yẹn ò sí nítòsí?”