Ṣé Èmi Nìkan Ló Wà fún Iṣẹ́ Òru Ni?

Ó ti sú mi! Aago 10 alẹ́ àná, fóònù tún dún: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ara ọmọ Ìyá Ìbejì ò yá, ẹ wá bá wa gba iṣẹ́ rẹ̀." Ẹ̀ẹ̀kẹta lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn! Torí pé ilé mi ò jìnnà sí Àkábà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, tí mi ò sì tíì bímọ, èmi ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè ní ilé ìwòsàn wa ní Kétu, ilẹ̀ Benin níbí. Àbí ẹni tí ò tíì bímọ kì í sùn ni?

Ìwé tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́ wà lára ògiri lóòótọ́. Wọ́n ti fa ìlà lé orúkọ méjì, wọ́n kọ tèmi sókè rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bi mí. Ọdún òrìṣà oṣù kìn-ín-ní, èmi. Ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ, ọjọ́ òmìnira, èmi náà ni.

Ẹ to orúkọ gbogbo wa tẹ̀léra, kí ti ọ̀gá náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gba iṣẹ́ ẹlòmíì, kí orúkọ rẹ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá títí yóò fi yí kan gbogbo wa. Kí àwọn ọjọ́ ọdún sì ní ìwé tiwọn lọ́tọ̀. Mi ò ní kí ọmọ má ṣàìsàn o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí fóònù yẹn bá tún dún lálẹ́ òní, mi ò ní gbé e.