Ọ̀rẹ́ tó lè sọ fún ẹ pé ó tó

Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi lónìí. Láti bí ọdún kan báyìí lèmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń sáré gun òkè, tá a ń forúkọ sílẹ̀ fún àwọn ìje gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní ultra, gbogbo ibi tí mo bá sì yíjú sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: má jáwọ́, fara dà á, ìrora á lọ àmọ́ mẹ́dàlì á wà lọ́rùn ẹ. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tí mo fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí òkè lẹni tó lè wo ojú mi kó sọ pé "ó tó, ká máa padà", tí mi ò sì ní bá a fa ọ̀rọ̀. Àwọn tó ń pariwo "o lè ṣe é, o lè ṣe é" pọ̀ bíi nǹkan míì, a ò wá wọn tì.

Kí àwọn tí ò mọ̀ lè bá wa bọ̀: marathon jẹ́ kìlómítà 42.195, èyí tó bá ti gùn ju ìyẹn lọ, ultra ni. Ti kìlómítà 50 wà, ti 100 wà, ti 100 máìlì náà wà tó jẹ́ bíi kìlómítà 161. Ti orí òkè wá jìnnà sí ti orí títì, torí ẹni tó bá sọ fún ẹ pé kìlómítà 50 ni, tí ò sọ iye mítà tó o máa gùn, kò tíì sọ nǹkan kan fún ẹ. Ẹ wo UTMB, ìje tó yí òkè Mont Blanc po, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003. Chamonix ni wọ́n ti ń gbéra, wọ́n á gba ilẹ̀ Faransé wọ Ítálì, wọ́n á gba Switzerland, wọ́n á tún bá ọ̀nà ibòmíì padà sí Chamonix. Bíi kìlómítà 170 ni, tẹ́ ẹ bá sì ro gbogbo gígùn òkè ibẹ̀ pọ̀, ó ń lọ sí bíi mítà 10,000, bẹ́ẹ̀ òkè Everest fúnra ẹ̀ ò ju mítà 8,849 lọ láti etí òkun.

Àwa ò tíì débẹ̀ o, ẹ má rò pé mo ń fọ́nnu.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù tí mo bá ń sọ̀rọ̀ eré yìí ni pé a máa ń rìn. Bẹ́ẹ̀ ni, a máa ń rìn dáadáa. Tí òkè bá ti le, èèyàn á tẹ̀ síwájú, á fọwọ́ lé itan méjèèjì, tàbí kó yọ ọ̀pá ẹ̀ síta, á máa gbé ẹsẹ̀ ní kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń gba ipò kìíní gan-an ń rìn níbi tó bá le, torí tó o bá sáré gun ibẹ̀, ìwọ̀nba okun tó o máa lò fún wákàtí márùn-ún lo máa ná tán níbi kan ṣoṣo. Inú ìrìn yẹn sì ni ọ̀rọ̀ máa ń wà. A máa ń sọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ta ló ń bínú sí ta ni, a ti parí ìjà tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ lórí òkè rí, òmíràn náà sì wà tó jẹ́ orí òkè ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ yìí kì í ṣe ìtàkúrọ̀sọ lásán, òun la fi ń díwọ̀n eré. Ẹni tí ò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí gúlegúle ti ń sá ju agbára ẹ̀ lọ nìyẹn, kò dìgbà tó bá wo aago. Ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ jù wá dákẹ́ lójijì? Gbogbo wa á ti máa wò ó.

Gígùn òkè kọ́ ló ń pa ẹsẹ̀, sísọ̀ ni. Ó dà bíi pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, àbí? Àmọ́ tó o bá ń sọ̀ kalẹ̀, iṣan itan ẹ ń nà lákòókò kan náà tó ń gbìyànjú láti dá ẹ dúró, gbogbo ẹsẹ̀ tó o bá sì gbé, ó ń já wẹ́wẹ́ nínú. Ìrora ọ̀hún kì í dé lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta ló ń dé, tó o máa rí àgbàlagbà tó ń fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé ara ẹ̀, tó di irin ẹ̀gbẹ́ mú gírígírí. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé iṣan máa ń rántí nǹkan, tó o bá ti fi òkè kéékèèké kọ́ ọ ní sísọ̀ ṣáájú, èyí tó ń bọ̀ kì í pa á tó ti àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tá a fi ń lọ gun òkè kan náà, tá a ń sọ̀, tá a tún ń gùn, bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé. Ọ̀kan wà nínú wa tó máa ń sọ̀ bí ewúrẹ́, kì í wo ilẹ̀, kì í di ara mú, a ti bá a sọ ọ́ títí. Kò gbọ́, kò sì ṣubú, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Ọ̀rọ̀ èékánná tó dúdú tó sì ń já bọ́, ìbọ̀sẹ̀, fásílìnì níbi tí aṣọ bá ti ń họ ara, ẹ ti rí ìyẹn ká níbi gbogbo, mi ò ní fi dà yín láàmú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti alẹ́ ọjọ́ kan. Ìje la wà, òru ti jìn, òjò ń ṣẹ́ winniwinni, atẹ́gùn ò sì dẹwọ́, a dé ibi tí wọ́n pa tẹ́ǹtì ìsinmi sí nísàlẹ̀ òkè tó ga jù lójú ọ̀nà yẹn. Ọ̀kan nínú wa, ẹni tó lágbára jù, tó tún máa ń pa wá lẹ́rìn-ín jù, ti dákẹ́ fún bíi wákàtí kan. Ó jókòó. Ó mú bisikíìtì kan, ó fẹ́ ya ọ̀rá ẹ̀, kò rí i ya, àtàǹpàkò ẹ̀ ò ká. Ó fi eyín já a, ó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un, ó kàn ń wò ó nílẹ̀ ni. Àǹtí tó dàgbà jù nínú wa lọ dúró níwájú ẹ̀, wọ́n ní kó fa síìpù jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dókè. Kò rí i fà. Wọ́n ní kó kà láti ẹẹ́wàá wá sílẹ̀. Ó ní ẹẹ́wàá, ẹẹ́sàn-án, ẹẹ́jọ, ó dúró, ó tún padà sórí ẹẹ́sàn-án, ahọ́n ẹ̀ ti wúwo. Ni Àǹtí bá nawọ́, wọ́n ṣí píìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó di nọ́ńbà ìje mọ́ ọn láyà ní kọ̀ọ̀kan, wọ́n ká nọ́ńbà náà, wọ́n tì í bọ àpò ara wọn.

"O ò lọ mọ́."

"Àǹtí, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi, ó ti kù díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo gbọ́. Bọ́ èyí tó tutù yẹn, wọ èyí tó gbẹ."

Inú bí i o. Kò bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa fún ìgbà díẹ̀, títí di báyìí ó ṣì máa ń sọ pé òun ì bá parí ẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mi ò bá a jiyàn, ó wà láàyè tó ń jiyàn, ìyẹn tó mi.

Torí ọ̀rọ̀ òtútù orí òkè kì í ṣe eré. Bó o bá ṣe ń gùn sókè, fún gbogbo mítà 1,000, ooru ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi ìdíwọ̀n Celsius 6.5. Ká ní oòrùn ń ràn nísàlẹ̀, aṣọ ẹ ti rin fún òógùn, o wá dókè, atẹ́gùn kọ lù ẹ́, o sì ti rẹ̀ débi pé o ò lè sáré kí ara ẹ móoru. Ọ̀kan lára ohun tí òtútù sì ń kọ́kọ́ mú lọ ni làákàyè. Ẹni tó ń gan ò ní mọ̀ pé òun ń gan, á máa sọ fún ẹ pé kò sí nǹkan tó ṣe òun. Ẹlòmíì ló máa rí i.

Ẹ ò gbàgbé Gansu ní ilẹ̀ Ṣáínà, ní May 2021. Ìje kìlómítà 100 ni, àwọn tó jáde lé ní 170, òjò, yìnyín àti ìjì bá wọn lójijì lókè, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ló wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èèyàn 21 ló kú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sá gan-an wà lára wọn, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa pé àwọn tí ò gbára dì nìkan ni. Darandaran kan níbẹ̀, Zhu Keming, tó ti sá wọ ihò àpáta torí òjò, ló kó àwọn mẹ́fà wọnú ibẹ̀, ó dáná fún wọn. Gbogbo ìgbà tẹ́nì kan bá ń sọ fún mi pé jákẹ́ẹ̀tì òjò ń wúwo nínú báàgì, ìhò àpáta yẹn ló ń wá sí mi lọ́kàn. Jákẹ́ẹ̀tì, fèrè, tọ́ọ̀ṣì orí, bùláńkẹ́ẹ̀tì tín-ín-rín tó ń dán bíi fàdákà yẹn, ẹ kó gbogbo ẹ̀ dání jàre, kódà níbi tí òfin ìje ò bá ti kàn án nípá.

Omi náà ní tiẹ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé kéèyàn má mumi kò dáa, àmọ́ àmujù lè ṣeni lọ́ṣẹ́ ju ìyẹn lọ, torí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á dín kù, orí á máa fọ́ni, èébì á máa gbéni, ìka á wú, tó bá wá le, ọpọlọ á wú, ó lè pani. Òùngbẹ ni kẹ́ ẹ fi ṣe atọ́nà, kì í ṣe ìbẹ̀rù. Àwọn tó ń da oògùn ara ríro sẹ́nu lágbedeméjì ìje, ibuprofen àtàwọn ìbátan ẹ̀, kíndìnrín tó ti ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó lẹ ń dá lóró yẹn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé Jasmin Paris ńkọ́? Òótọ́ ni. Lọ́dún 2024, arábìnrin yìí parí Barkley Marathons ní Tennessee, yíyípo márùn-ún nínú igbó tí ò ní àmì ọ̀nà, wákàtí 60 ni gbèdéke, ó wọlé ní 59:58:21, ó ku bíi ìṣẹ́jú àáyá 99 péré. Obìnrin àkọ́kọ́ tó parí ẹ̀ ni. Tí mo bá rí fọ́tò ibi tó ṣubú sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì tí ìje náà ti ń parí, orí mi ṣì ń wú. Àmọ́ ẹ sọ ìtàn ọ̀hún délẹ̀ o. Ó ti lọ ní 2022, kò parí ẹ̀, ó tún lọ ní 2023, kò parí ẹ̀. Níbẹ̀, tó o bá jáwọ́, wọ́n á fun kàkàkí sí ẹ létí bí ìgbà tí wọ́n ń sin òkú ológun, ó sì gbọ́ ọ, ó lọ sílé, ó padà wá. Ẹni tó bá jẹ́ kí ara òun bàjẹ́ pátápátá lọ́dún àkọ́kọ́, ọdún kẹta wo ló fẹ́ rí? Òun yìí kan náà ló gba ipò kìíní nínú Spine Race ní ilẹ̀ Britain ní 2019, níwájú tọkùnrin tobìnrin, bíi kìlómítà 430, tó ń dúró láwọn ibi ìsinmi kó lè fún wàrà ọmú ẹ̀ jáde fún ọmọ ẹ̀ jòjòló. Èèyàn tó mọ ìgbà tó yẹ kóun dúró nìyẹn.

Ohun kan wà nínú òfin àwọn ìje yìí tí kò bára mu, tí mo máa ń rò. Ní Western States ní California, tó ti ọ̀dọ̀ Gordy Ainsleigh bẹ̀rẹ̀ ní 1974 nígbà tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ sá ìje ẹṣin, tó sì parí 100 máìlì yẹn kí wákàtí 24 tó pé, wọ́n gbà kí ọ̀rẹ́ ẹ bá ẹ sáré láti máìlì 62. Kò gbọdọ̀ bá ẹ gbé ẹrù, ó kàn ń bá ẹ lọ ni. UTMB ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ti UTMB ló jẹ́ ojúlówó, pé kóníkálùkù gbé ara ẹ̀. Èmi ti ti Western States lẹ́yìn, torí lóru kejì tójú èèyàn bá ti ń rí ohun tí ò sí níbẹ̀, tó ń kí kùkùté igi pé ẹ kú alẹ́, ẹni tórí ẹ̀ ṣì pé ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan dùn láàárín wa o. Òfin wa ni pé ẹni tó lọ́ra jù ló ń wà níwájú tá a bá ń gbára dì, ó sì ti sú ẹnì kan, ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí agbára òun mọ, ó bá tiẹ̀ lọ. A ò bínú sí i, ó ń sá dáadáa, a ṣì ń kí ara wa. Àmọ́ a ò yí òfin yẹn padà. Bọ̀dá tó jẹ́ àgbà wa ti ń yọ 100 máìlì sọ báyìí, àwọn kan ń sọ pé ó ti yá jù, ìjà ọ̀hún ò tíì parí lórí WhatsApp. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, ẹ jáde wá, a ò ní béèrè wákàtí tẹ́ ẹ fi ń sá marathon, ẹ ṣáà ṣí báàgì yín ká rí jákẹ́ẹ̀tì òjò.