Wọ́n sanwó àlọ, wọn ò sanwó àbọ̀

Nínú oṣù keje ọdún 2025, Yusuf Tuggar, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wa nígbà náà, sọ ní gbangba pé Nàìjíríà ò ní gba àwọn ẹlẹ́wọ̀n ará Venezuela tí Amẹ́ríkà fẹ́ lé jáde. Oṣù yẹn kan náà ni Eswatini, ní gúúsù Áfíríkà, gba ọkùnrin márùn-ún tó ti ṣe ẹ̀wọ̀n wọn tán ní Amẹ́ríkà, ó sì tún tì wọ́n mọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Matsapha. Kò sí ọmọ Eswatini kankan nínú wọn. Àwa wà lẹ́yìn ìkọ̀ tí Abuja kọ̀, a ò sì fẹ́ kí wọ́n yí i padà bí ẹnikẹ́ni bá fi owó tàbí físà lọ̀ wọ́n. Ìwé àdéhùn ló ń bà wá lẹ́rù, torí a mọ ohun tí irú rẹ̀ ṣe nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kó olè tiwọn lọ sókè òkun.

Òfin ọdún 1718 ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ìjọba: ọdún 7 lókè òkun fún olè kékeré, ọdún 14 fún ẹni tí wọ́n yọ lọ́wọ́ okùn ìyẹgi. Lórí ìwé, ẹni tó jí ohun tó tó ṣílè 40 nínú ilé onílé, ikú ni. Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń bá adájọ́ jókòó a máa ṣàánú: ẹrù tí gbogbo ọjà mọ̀ pé ó tó pọ́ùn 3 (ṣílè 60), wọ́n á ní ṣílè 39 ni. Olè bọ́ lọ́wọ́ ikú, ó kó sọ́wọ́ ọkọ̀. Nǹkan bí 50,000 ni wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà, pàápàá Maryland àti Virginia, kí ogun òmìnira Amẹ́ríkà tó dí ọ̀nà yẹn. Wọ́n tiẹ̀ dán etíkun Áfíríkà wò: lọ́dún 1782 wọ́n kó ọ̀daràn lọ sí odi Cape Coast, ní Gánà òde òní, ṣe sójà, àìsàn àti ìsáǹsá tú wọn ká. Ìgbà náà ni wọ́n kọjú sí Australia, tó gba nǹkan bí 162,000 láàárín 1788 sí 1868.

Ọdún 1790 ni àdéhùn yẹn fi eyín hàn. Ilé iṣẹ́ Camden, Calvert & King, tó ti ń kó ẹrú tẹ́lẹ̀, ló gba iṣẹ́ ọkọ̀ mẹ́ta, Neptune, Surprize àti Scarborough. Pọ́ùn 17, ṣílè 7 àti sísì ni wọ́n ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá ti wọkọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bó gúnlẹ̀ láàyè, bí wọ́n jù ú sómi, owó ti wọlé. Ẹ ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò: òkú kì í jẹun, oúnjẹ tó bá sì ṣẹ́ kù, wọ́n á tà á ní Sydney níbi tí ebi ti ń pa gbogbo ìlú. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n fi dè wọ́n, irú èyí tí etíkun wa mọ̀ dáadáa: ọ̀pá irin kúkúrú láàárín ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì, tí kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí ẹnì kan bá kú, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á dákẹ́ kó lè máa jẹ ìpín òkú náà, títí òórùn á fi tú àṣírí. Nínú Neptune nìkan, nǹkan bí 158 kú nínú bíi 500.

Ohun tó tún un ṣe kò díjú. Ìjọba dá apá kan owó náà dúró di ìgbà tí ẹlẹ́wọ̀n bá gúnlẹ̀ láàyè. Lọ́dún 1814, William Redfern, dókítà tó jẹ́ pé ẹlẹ́wọ̀n lòun náà fi dé ibẹ̀, yẹ ọ̀ràn ọkọ̀ mẹ́ta tí ikú ti pọ̀ wò. Ó ní kí wọ́n máa kó wọn jáde sí atẹ́gùn, kí wọ́n máa fọ inú ọkọ̀, kí ìjọba sì fi dókítà tirẹ̀ síbẹ̀, ẹni tí ọ̀gá ọkọ̀ ò ní lè dẹ́rù bà. Láti 1815 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ikú já wálẹ̀ di nǹkan bí ẹnì kan nínú 100, lórí òkun kan náà.

Ti àbọ̀ ló dùn wá jù. Adájọ́ ní ọdún 7, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ tí yóò gbé e padà ò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá padà kí ọdún rẹ̀ tó pé, okùn ń dúró dè é. Ẹni tí tirẹ̀ pé, kó wá owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀, tàbí kó bá wọn ṣiṣẹ́ atukọ̀ délé. Obìnrin, níbo ni yóò ti rí ìyẹn ṣe? Ọkọ̀ mọ́kànlá àkọ́kọ́ tó lọ sí Australia, tó kúrò ní Portsmouth lọ́jọ́ 13 oṣù karùn-ún 1787, tiẹ̀ fi ìwé tó sọ ìgbà tí ẹ̀wọ̀n kálukú máa parí sílẹ̀ sẹ́yìn. Lọ́dún 1789, àwọn tí ọdún wọn ti pé lọ bá Phillip, gómìnà wọn níbẹ̀. Kò rí ìwé tó lè fi mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ wọn, ó ní kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lọ. Ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ tó bí igbákejì gómìnà nínú, wọ́n dájọ́ pàṣán 600 fún un.

Ìwé yìí náà ló tún sọnù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí. Nínú oṣù kẹsàn-án 2025, Gánà gba èèyàn 14 lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn. Agbẹjọ́rò wọn sọ pé wọ́n ti àwọn kan wọ Tógò láìní ìwé kankan lọ́wọ́. Bí ìjọba wa bá fẹ́ jókòó bá ẹnikẹ́ni ṣe irú àdéhùn yìí lọ́la, kó kọ́kọ́ gbé e wá síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, torí abala 12 ìwé òfin 1999 ní àdéhùn pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè ò ní agbára òfin níbí àfi tí Ilé náà bá sọ ọ́ di òfin. A fẹ́ rí orúkọ ẹni tí yóò san owó àbọ̀ nínú rẹ̀, àti ọ́fíìsì tí ìwé ẹ̀wọ̀n kálukú máa wà. Ìlà tó bá sọ iye tí wọ́n ń san lórí orí kan, kí wọ́n fa bírò sí i.