Ẹ̀yin Ọmọ Arch, A Ti Gbọ́ O

Láti October 14, 2025 tí Microsoft ti ní àwọn ò tọ́jú Windows 10 mọ́ ni etí wa ò ti sinmi. Làptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí àwọn ọmọ yìí rà ní Otigba ò gba Windows 11, wọ́n ní kò ní TPM 2.0, ẹ̀yà kékeré tó ń ṣọ́ ààbò kọ̀ǹpútà, nǹkan tí ẹnì kankan nínú wọn ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀, ló bá di pé gbogbo wọn kó lọ sí Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, gbogbo wọn di ajìjàgbara. "A ti bọ́ lóko ẹrú Bill Gates!" Bill Gates wo? Èyí tó ti gbé ipò CEO Microsoft sílẹ̀ láti ọdún 2000? Windows tẹ́ ẹ ń sá fún ọ̀hún gan-an, ẹ ò san kọ́bọ̀ lé e lórí rí, ṣebí kíráàkì lẹ ń lò látọjọ́ yìí.

Mi ò bá Linux jà o. Ọmọ yunifásítì ni Linus Torvalds nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Helsinki lọ́dún 1991, ó ní eré ọwọ́dilẹ̀ lásán ni, kò ní di nǹkan bàbàrà, lónìí òun ló wà nínú fóònù Android tó wà lọ́wọ́ ìyá alákàrà, òun náà ni kọ̀ǹpútà 500 tó lágbára jù láyé ń lò, kò ku ẹyọ kan. Àwọn tó ń fi í jẹun ò pariwo. Àwọn tó ń fi í ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà ni mò ń bá wí.

Mint, oríṣi Linux tó rọrùn, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé sí i. Mint á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, Wi-Fi á gbé, orin á dún, ìyẹn gan-an ló sì bà á jẹ́, torí ìyà ò jẹ wọ́n, kí ni wọ́n fẹ́ fi fọ́nnu? Tó bá fi máa di Sátidé, Mint ti di ti àwọn arúgbó, wọ́n ti bọ́ sí Arch, oríṣi Linux mìíràn. Ojú dúdú lásán ni Arch fi ń pàdé èèyàn, ìwọ lo máa fọwọ́ ara ẹ tẹ gbogbo ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é tiẹ̀ ti gbé archinstall, ètò tó ń báni gbé Arch sórí kọ̀ǹpútà, jáde kó lè rọrùn, wọ́n ní ọ̀lẹ ló ń lo ìyẹn.

Ó wá kan ọ̀ṣọ́. Hyprland, ètò tó ń to wíńdò sójú kọ̀ǹpútà, dé! Ẹ wo ọ̀kan nínú fọ́tò tí wọ́n ń gbé síta: ọmọbìnrin anime wà lẹ́yìn, wíńdò mẹ́ta wà láàárín, gbogbo ẹ̀ hàn gaara débi pé o ò lè ka nǹkan tí wọ́n kọ sínú ẹ̀. Fastfetch wà nínú ọ̀kan, ó ń sọ irú kọ̀ǹpútà tí onílé ní fún onílé. Cava ń fò sókè sódò nínú èkejì bí orin ṣe ń lọ. Cmatrix wà nínú ẹ̀kẹta, lẹ́tà aláwọ̀ ewé ń já bọ́ wẹrẹwẹrẹ. Iṣẹ́ dà? Fáìlì ẹyọ kan ò sí níbẹ̀! Làptọ́ọ̀pù wá dà bí ìyàwó tó pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀marùn-ún níbi ìnáwó tí ò sì jókòó jẹ ìrẹsì ẹ̀.

Ìwàásù wọn ńkọ́? Príńtà ẹ ò ṣiṣẹ́, Linux. Bátìrì ẹ ti kú, Linux. Ọ̀gá ẹ ní Excel lòun fẹ́, wọ́n á ní kó o lọ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ òmìnira.

Àfi kí wọ́n ṣe update lálẹ́ tí iṣẹ́ ku ọ̀la, kí ojú làptọ́ọ̀pù wá dúdú kirikiri. Wọ́n á ké sí ẹgbẹ́ wọn, ẹgbẹ́ wọn á ní kí wọ́n lọ ka wiki, ìwé ìtọ́nisọ́nà Arch tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n á bá máa fi fóònù ka wiki láago méjì òru, NEPA ti mú iná lọ.

Èyí tó wà ládùúgbò wa nílò CV kíákíá. LibreOffice tí wọ́n fi ń rọ́pò Word ló fi kọ ọ́, ó rẹwà lójú tiẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n fi Word ṣí i níbi tó ti ń wáṣẹ́, àdírẹ́ẹ̀sì ti gun orí orúkọ. Ó sáré lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ọmọbìnrin kan jókòó nídìí Windows 7, ó ń jẹ gúgúrú. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ mú fláàṣì yín wá." Ó tún un tò, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó gbowó ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá délé, ó ní Arch ló jẹ̀bi, pé òun ń lọ sí NixOS, oríṣi Linux mìíràn.