Fáànù Ọlọ́jọ́ Mẹ́jọ

Ẹ̀yin ọmọlẹ́yìn Arsenal, mo júbà. Ìgbàgbọ́ yín ti ju ti àwa tí à ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí lọ. Níbi ìkómọ kan n'Íbàdàn lojú mi ti rí i. Wọ́n gbé ọmọ jáde, jésì pupa ló wọ̀! Oyin ò tíì kàn án lẹ́nu, orógbó àti ataare ṣì wà nínú àwo, kò tíì lórúkọ, ó ti di fáànù. Jésì ọ̀hún wọ́ kọjá ẹsẹ̀ rẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ òfuurufú Emirates gba gbogbo àyà rẹ̀ kan. Ìwọ́ ò tíì jinná, ó ti ń bá wọn polówó ọjà ní Dubai. Nọ́ńbà 14 wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá àgbà bèèrè pé kí ni wọ́n kọ sí ọmọ lẹ́yìn, bàbá ọmọ ní, "Mọ́mì, nọ́ńbà Henry ni." Thierry Henry, agbábọ́ọ̀lù Arsenal àtijọ́ tó ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láti 2014! Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ ò tíì dúró, òun lẹ fẹ́ kó gbá góòlù wọlé fún yín.

Mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Àbí kí ni kéèyàn ṣe? Lọ́dún 2004 tí Arsenal gba líìgì láìfìdí rẹmi nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38, pámárì ni bàbá ọmọ yìí wà, síbẹ̀ "ẹnikẹ́ni ò nà wá" ló máa ń wí. Ìwọ àti ta? Ta ló mọ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù? Bí wọ́n bá nà wọ́n, kì í dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn, kì í jẹun alẹ́. Owó ilé ò sí, owó jésì wà. Ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ náà ń ká mi lára ni.

Shooting Stars, 3SC ti Ìbàdàn, ni bàbá mi fi tọ́ èmi dàgbà. Àwọn ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife kan nílẹ̀ Áfíríkà, African Cup Winners' Cup, lọ́dún 1976. Muda Lawal tó ń gbá a fún wọn ti ṣe mẹkáníìkì rí. Èèyàn tí ẹ lè kí lójú títì nígbà náà, kó sì dá yín lóhùn.

Mo wá bi bàbá ọmọ pé ìgbà wo ló lọ sí pápá Shooting Stars ní Adamásingbà gbẹ̀yìn. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé 3SC ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù ni?" Bẹ́ẹ̀, ẹ ń gbọ́ ariwo pápá yẹn láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀!

Kí n tó fèsì, bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ lókè òkun. Gbogbo àwọn tó yẹ kó bu àmàlà fún wa ló sáré lọ wò ó. Èmi ò ṣépè fún Arsenal o. Ẹnì kan tébi ń pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ṣe é, mo kàn ṣàmín ni.